Bàbá Sàlá: ṣé "aláwàdà lásán" ló yẹ ká máa pè é?

Ọmọ Ọbòkun:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àwa mẹ́rin jókòó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ fíìmù Yorùbá bá délẹ̀. Wọ́n ka Hubert Ògúndé, wọ́n ka Adé Love, wọ́n ka Túndé Kèlání. Mo ní, "Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ńkọ́?" Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, "Ìyẹn? Aláwàdà lásán ni." Wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ó dùn mí dé akínyẹmí ara. Ọmọ ìlú mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn nìkan ló fi dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá yìí, ọdún 1936 ni wọ́n bí i, oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló sì papò dà. Orin ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tó gbé eré dé orí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, tó tún wá kó owó ara rẹ̀ àti owó tó yá jọ, tó fi ṣe fíìmù sinimá, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tó gbà á síṣẹ́. Òun ló ń san owó àwọn òṣèré, òun ló ń wá ọkọ̀, òun ló ń wá gbọ̀ngàn, òun náà ló tún máa bọ́ sójú agbo tí yóò máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Èrò tèmi ni pé ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé òun ló ni iṣẹ́ rẹ̀, láti orí orúkọ títí dé orí fíìmù. Ibẹ̀ náà sì ni ìyà ti jẹ ẹ́. Ẹ dá sí i, ẹ jọ̀ọ́.

Àyánkẹ́ Òṣogbo:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kò sọ̀rọ̀ orin yẹn tó o. Federal Rhythm Dandies ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ orin rẹ̀, híláìfù ni wọ́n ń kọ. Ta ló ń ta gìtá níbẹ̀? Sunny Adé ni, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ìgbà tó kúrò níbẹ̀ ló lọ dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Bí a bá tilẹ̀ gbé àwàdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tí King Sunny Adé ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a lè fi "lásán" kún orúkọ rẹ̀.

Bàbá Mọ́kọ́lá:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ṣojú mi, mo lè sọ.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé tiwa kò ní ẹ̀rọ. Oníṣòwò kan ní àdúgbò wa ló ní in, àwa ọmọdé á sì lọ tò sójú fèrèsé rẹ̀ níta, èyí tó kúrú á gun orí òkúta. Bí ó bá ti di àsìkò Aláwàdà, onílé fúnra rẹ̀ ni yóò wá ṣí aṣọ fèrèsé sílẹ̀ gbayawu fún wa, torí ó mọ̀ pé bí òun kò bá ṣí i, ariwo wa kò ní í jẹ́ kí òun gbádùn.

Bàbá Sàlá kò tíì ní í sọ̀rọ̀ tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú fúnra rẹ̀ lọ. Táì onílabalábá tó so mọ́ ọrùn fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Aago orí tábìlì, irú èyí tó máa ń ké láti jí èèyàn, òun ló so mọ́ ọwọ́ bíi aago ọwọ́. Ahun ni nínú eré, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára obìnrin. Ẹ kò ní í rí ẹni tí kò mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn rèé. Ṣáájú rẹ̀, eré orin àti ìtàn ni àwọn onítíátà alárìnjò wa máa ń ṣe: Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ pẹ̀lú Ọba Kò So. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú eré wọn, àmọ́ àlejò ló jẹ́ níbẹ̀. Bàbá Sàlá ló fi ẹ̀fẹ̀ ṣe onílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, odindi alẹ́ kan, ẹ̀rín ni àwọn èèyàn sanwó fún. Kí ẹnì kan tó dán an wò, ta ló mọ̀ pé àwọn èèyàn á san án?

Ẹ má sì rò pé owó tẹlifíṣọ̀n ló ń bọ́ ẹgbẹ́ yẹn. Ojú ni tẹlifíṣọ̀n ń fún un. Bí wọ́n bá ti rí i lórí ẹ̀rọ, lọ́jọ́ tí mọ́tò rẹ̀ bá wọ ìlú tòun ti gbohùngbohùn lórí, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè pé ta nìyí. Gbọ̀ngàn á kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an, níbi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ni owó rẹ̀ wà.

Tólú 2001:

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Ṣé Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ ló darí fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru? Ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní yunifásítì.

Dúdúyẹmí:

Rárá o, Tólú. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀ ní 1982. Balógun ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris, òun ló darí Àjàní Ògún tí Adé Love kópa nínú rẹ̀ ní 1976, òun náà ló bá Ògúndé ṣe Aiyé ní 1979. Bàbá Sàlá pè é bí onílé ṣe ń pe bíríkìlà. Onílé ló ni ilé. Nígbà tí ó yá, Adé Love náà darí Mosebọ́látán fún un. Ọ̀gbọ́n ńlá ni mo rí nínú èyí: ó mọ ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì mọ ẹni tó mọ èyí tó kù.

Bí ẹ kò bá tíì wo Ọ̀run Móoru rí, ìtàn ọkùnrin kan ni, tí oníjìbìtì olóògùn kan gba tọwọ́ rẹ̀ pé òun yóò sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ó bọ́ sínú òṣì, ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ó bá ara rẹ̀ lọ́run, àwọn ará ọ̀hún sì sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ṣe é. Owó epo ti gba ìlú kan, oníkálukú ń wá bí òun yóò ṣe là lóru ọjọ́ kan. Àwàdà ni, àmọ́ ó bá ìlú wí.

Agbẹjọ́rò Ìyanu:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wọ ibi tó dun ẹ̀gbọ́n wa, Ọmọ Ọbòkun.

Ẹni tó bá ń ṣe fíìmù nígbà náà, kì í ṣe orí fóònù tàbí káàdì kékeré ló ń gbà á sí. Rílì ni, ìyẹn fíìmù gígùn tí wọ́n ń ká jọ. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń san án. Ẹ̀dà tí ẹ ó ní kò ní í pọ̀, torí ẹ̀dà kan ṣoṣo ti wọ́n. Àwọn tó ni ọ̀pọ̀ ilé sinimá nígboro, fíìmù Íńdíà, ti Amẹ́ríkà àti ti àwọn Ṣáínà oníkàráàtè ni wọ́n ń fẹ́. Nítorí náà, olówó fíìmù fúnra rẹ̀ ni yóò gbé rílì sínú mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jù ú sára ògiri, tí yóò máa ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì: gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn ilé-ìwé, òtẹ́ẹ̀lì. Bí eré bá parí lálẹ́, yóò gbé rílì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bó bá ti rìn báyìí fún ọdún kan, ọdún méjì, owó tó ná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé díẹ̀díẹ̀.

Ní àkókò yẹn gan-an ni ẹ̀rọ fídíò wọ ilé àwọn èèyàn. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó bá jábọ́ sọ́wọ́ olè ti tó. Ọ̀run Móoru jábọ́. Wọ́n dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri nígbà tí ẹni tó ni ín kò tíì rí owó tó yá san. Ẹni tó ti wò ó ní pálọ̀ kò ní í tún lọ já tíkẹ́ẹ̀tì ní gbọ̀ngàn. Gbèsè wọlé tọ̀ ọ́.

Kí wá ni òfin ṣe? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ti 1970 ni, ìyà tó là sílẹ̀ fún olè kò sì tó nǹkan. 1988 ni ìjọba tó ṣe èyí tó lágbára jù ú lọ. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Ọ̀run Móoru. Mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin yìí ní yunifásítì, orúkọ Bàbá Sàlá kò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní kíláàsì wa. Bó bá jẹ́ èmi ló ń kọ́ni, orí rẹ̀ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Kọ́lápọ̀ B.:

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dùn. Oníṣòwò ni mí. Ẹni tó bá yá owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó kó gbogbo rẹ̀ lé ọjà kan ṣoṣo, òun náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ògúndé náà ṣe fíìmù, Aiyé, Jáyésinmi, Àròpin Ń Tènìyàn, kò sì wó. Ṣé kì í ṣe pé Bàbá Sàlá kò ṣọ́ ohun ìní rẹ̀ tó ni?

Ọmọ Ọbòkun:

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Bí olè bá wọ oko àgbẹ̀, tó wú iṣu rẹ̀ lọ, ṣé àgbẹ̀ la ó máa bi pé kí ló dé tó kọ ebè púpọ̀?

Lọ́nà kejì, kò sí fíìmù rílì kékeré. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, owó rílì, owó kámẹ́rà, owó àwọn tó mọ iṣẹ́ kámẹ́rà, owó ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ ó san kí ẹ tó rí kọ́bọ̀. Ẹ kò lè ṣe ìlàjì kí ẹ fi wo ọjà. Ògúndé ti ń darí ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti nǹkan bí 1945, ó ti lo nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kí fídíò tó gbòde. Orí Bàbá Sàlá ni ìjì náà kọ́kọ́ jà.

Ẹ sì wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí irú èyí máa ṣẹlẹ̀ sí, tí wọn ò tún ní í fẹ́ gbọ́ orúkọ fíìmù mọ́. 1983, ọdún kan péré, ó ti gbé Aàrẹ Àgbáyé jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni Mosebọ́látán. Nígbà tí SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, tí rílì kọjá agbára gbogbo onítíátà, ó yí sí fídíò bí àwọn yòókù, ó ṣe Àgbà Man ní 1992. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ nǹkan kọ́ nìyẹn. Ẹni tó kọ̀ láti jókòó sílẹ̀ ni.

Kọ́lápọ̀ B.:

Ọ̀rọ̀ ebè yẹn wọlé. Mo gbà pé olè ni olè. Mo ṣì dúró lórí pé kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa dá ru gbogbo ẹrù bẹ́ẹ̀: kó ṣe òṣèré, kó ṣe olówó, kó tún máa gbé rílì. Bóyá àwọn báńkì àti ìjọba ni ó yẹ kí n bá wí, dípò òun.

Ìyá Ìbejì, Peckham:

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ sọ nǹkan kan tó ti wà lọ́kàn mi fún ìgbà pípẹ́.

Mọ́ṣínì ni mo dàgbà sí. Ní bíi 1984, bàbá wa ra ẹ̀rọ fídíò. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní òpópónà wa tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì háyà. Ìyá mi fún mi lówó lọ́jọ́ Sátidé kan pé kí n lọ háyà Bàbá Sàlá wá. Kò sí àwòrán lára páálí rẹ̀, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀run Móoru ni. Àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, síbẹ̀ a rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ìyá mi. Àwọn ará ilé kejì wá, àwa tó wò ó á tó ogún.

Mo ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo ti wà nílùú ọba, kí n tó ka ohun tí kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ fojú bàbá náà rí. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo sọ fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "A! A rò pé òun ló ń tà á ni."

Láti ìgbà náà, bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù níbí, mo máa ń bèèrè ẹni tó ṣe fíìmù kí n tó sanwó. Àwọn kan máa ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ jà. Kò dùn mí.

Bàbá Mọ́kọ́lá:

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò bá ẹ wo àwọn ìbejì. Ọ̀pọ̀ wa la wò ó bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀.

Abíọ́dún Olùkọ́:

Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ fi ẹnu kan ibì kan. Ojú tí àwọn eré yẹn fi ń wo ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé, mi ò lè rẹ́rìn-ín sí i mọ́ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ní kékeré. Mo fi hàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àwọn ọmọbìnrin inú wọn dákẹ́ níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń rẹ́rìn-ín. A sọ̀rọ̀ lé e fún odindi wákàtí kan. Àwọn kan ní ahun àti oníṣekúṣe yẹn ni eré ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé òun ni ojú máa ń tì níkẹyìn. Àwọn kan kò gbà. Mi ò parí ìjà náà fún wọn. Inú mi dùn pé eré tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè dá irú ìjíròrò yẹn sílẹ̀.

Ṣẹ́gun Ẹlẹ́fẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fídíò àwàdà kékeré ni èmi ń ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, ní Abẹ́òkúta. Ọdún tó kọjá, ojú-ìwé kan tó ní èrò púpọ̀ gbé iṣẹ́ wa, ó gé orúkọ wa kúrò, ó lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó wò ó níbẹ̀ tó ìlọ́po ogún àwọn tó wò ó lọ́dọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi lè kọ nǹkan tuntun. Mo ń ka ọ̀rọ̀ Agbẹjọ́rò Ìyanu, mo rí ara mi níbẹ̀, àfi pé èmi kò jẹ báńkì lówó.

Mo fẹ́ fi orúkọ kan kún un: Fúnkẹ́ Akíndélé. Jenifa ní 2008, lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n, Jenifa's Diary. Òun ló dá a sílẹ̀, òun ló ń ṣe olórí òṣèré, òun náà ló ń gbówó sílẹ̀. A Tribe Called Judah, fíìmù rẹ̀ tó jáde ní ìparí 2023, pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní àwọn ilé sinimá wa, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Bàbá Sàlá gan-an ló ń tọ̀: kí tẹlifíṣọ̀n fún ọ lójú, kí o kó àwọn èrò náà lọ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ilé sinimá ti wà báyìí, kọ̀ǹpútà ló sì ń ka tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó ń gbé rílì sùn.

Àyánkẹ́ Òṣogbo:

Ṣẹ́gun, ẹ má dákẹ́ o. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ yín ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ wò wọ́n lọ́dọ̀ ẹ̀yin gan-an.

Tólú 2001:

Níbo la ti lè rí àwọn eré tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ àtijọ́? Mo wá a títí, díẹ̀ ni mo rí.

Bàbá Mọ́kọ́lá:

Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ, ọmọ mi. Tépù wọ́n nígbà náà. Bí wọ́n bá ti gbé eré kan sáfẹ́fẹ́ tán, wọ́n lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Ohun tí mo rí lójú fèrèsé yẹn, inú orí mi nìkan ni púpọ̀ rẹ̀ wà báyìí, mo sì ti dàgbà.

Dúdúyẹmí:

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín yìí ló mú mi dìde lọ sí yàrá ẹrù. Bàbá mi tó ti dolóògbé máa ń gba eré orí tẹlifíṣọ̀n sínú kásẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 1980 sókè. Mo ti rí páálí náà. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "Aláwàdà" sí. Eruku bò wọ́n, àmọ́ téèpù inú wọn kò tíì lẹ̀ mọ́ra. Mi ò ní ẹ̀rọ tó lè lò wọ́n.

Bàbá Mọ́kọ́lá:

VHS ni àbí Betamax?

Dúdúyẹmí:

VHS ni, sà.

Bàbá Mọ́kọ́lá:

Ẹ̀rọ VHS wà nílé mi. Orí rẹ̀ nìkan ló nílò ìnù, mo mọ ẹni tó lè bá wa ṣe é ní Dùgbẹ̀. Ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ kankan kó tó dé ọ̀dọ̀ mi o, ó lè jẹ téèpù.

Ọmọ Ọbòkun:

Orí mi wú! Sátidé ni mo ń bọ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n Dúdúyẹmí, bí a bá ti sọ ọ́ di fáìlì tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e sórí YouTube, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ẹ̀dà kan lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Bóìsálà ṣì ń ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀, kò ní í ṣòro láti rí i.

Dúdúyẹmí:

Mo gbọ́. Inú àpò ọ̀rá ni mo wé wọn sí, wọ́n wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó di Sátidé.